Atúúbá Lẹ́nu Ọ̀nà Ṣẹ̀gilọlá

Nígbà tí Ṣẹ̀gilọlá ṣílẹ̀kùn ilé rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, bàbá arúgbó kan ti dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sí ẹnu ọ̀nà. Òjò ń pa á. Irun orí rẹ̀ funfun, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, aṣọ òfì tó wọ̀ ti rin gbingbin.

“Mo túúbá, mà,” ni bàbá náà wí. “Ọmọ yín, Ayọ̀kúnnú, kú sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Orí-Omi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀bi wa ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì wá.”

Bí wọ́n ṣe túfọ̀ ọmọ rẹ̀ fún un nìyẹn. Ṣẹ̀gilọlá di férémù ilẹ̀kùn mú, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà.

Bàbá arúgbó yìí kì í ṣe ènìyàn. Ẹ̀rọ ni, Atúúbá sì ni wọ́n ń pè é. Ní ayé ìgbà náà, òkun ti gbé púpọ̀ mì nínú ilẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ènìyàn wa tó ti wà níbẹ̀ láti ìrandíran sì ti tẹ ìlú tiwọn dó sórí òkè kan lẹ́bàá odò Tẹ́ḿsì. Ayédire lorúkọ ìlú náà. Ọkọ̀ ń lọ sínú òṣùpá, ó ń bọ̀, bí ẹni lọ kí àna rẹ̀. Ọgbà ẹ̀wọ̀n nìkan ni ọ̀làjú kò rójú bẹ̀ wò.

Àárín òkun ni wọ́n kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n lọ, wọ́n sì fi wọ́n sọ́wọ́ ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Etí. Agogo kan wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Bí ẹlẹ́wọ̀n bá tẹ̀ ẹ́, Etí yóò gbọ́ ohùn rẹ̀ àti bó ṣe ń mí, yóò sì pinnu bóyá àìsàn ń ṣe é ni tàbí ó ń díbọ́n. Bó bá ti pinnu pé ó ń díbọ́n, kò ní í pe òṣìṣẹ́ kankan. Ayọ̀kúnnú ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, èyí tó máa ń mú kí gbogbo eegun ara ro ènìyàn gógó. Ẹjọ́ rẹ̀ kò tiẹ̀ tíì dé iwájú adájọ́ rárá. Láti àárọ̀ ló ti ń tẹ agogo, Etí sì ní ó ń díbọ́n, títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀.

Láyé àtijọ́, bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, àwọn ńláńlá yóò jáde wá sọ pé àwọn ti kọ́gbọ́n, ẹlòmíràn yóò sì tún kú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sú aráàlú, ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó ọgbà ẹ̀wọ̀n gbé Atúúbá jáde. Òun ni yóò ru ẹ̀bi, òun náà ni yóò bẹ̀bẹ̀, ní ọ̀nà tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ń gbà bẹ̀bẹ̀. Ọjọ́ tí ìdílé òkú bá ti ní “Dìde,” ọ̀rọ̀ ti parí, kò sẹ́ni tó tún lè gbé e dìde ní kóòtù. Àmọ́ bí oṣù kan bá kọjá tí wọn kò wí i, adájọ́ lè pàṣẹ kí wọ́n dárúkọ àwọn ènìyàn ẹlẹ́ran ara tó wà nídìí ọ̀ràn náà. Kò tíì sí ìdílé kankan tó dúró tó oṣù kan. Ta ló lè máa ré àgbàlagbà kọjá lẹ́nu ọ̀nà fún oṣù kan?

Ṣẹ̀gilọlá pinnu pé òun yóò dúró. Ó fẹ́ mọ orúkọ ẹni tó ṣe é.

Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn aládùúgbò bá a sunkún, wọ́n sì ń pòṣé sí ẹ̀rọ náà. Ṣùgbọ́n òjò kò dá, Atúúbá kò sì dìde. Ẹnìkan ṣí agbòjò lé e lórí. Ẹlòmíràn gbé ẹní wá fún un. Kò pẹ́, ọ̀rọ̀ yí padà. “Ẹ wo àgbàlagbà nínú ẹrẹ̀! Ọkàn ìyá yìí mà le o.” Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ kó yé wa: obìnrin yìí ni ọmọ kú fún o, ẹ̀rọ ni wọ́n ń káàánú. Inú máa ń bí mi bí mo bá rántí.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kó sinmi jù ni Olóyè Látúndé, olórí àwọn àgbà Ayédire, tí ilé rẹ̀ wà ní òdìkejì títì. Mákindé, ọmọ ọmọ rẹ̀, wà ní Orí-Omi bákan náà. Olóyè mú Dókítà Ìbírónkẹ́ dání lọ sí ilé Ṣẹ̀gilọlá. Ọmọ Ayédire ni Ìbírónkẹ́, òun ló sì ṣe Atúúbá.

“Ìyá Ayọ̀, mo bẹ̀ ọ́,” ni Olóyè wí bó ti ń jókòó ní pálọ̀. “Jẹ́ kó dìde.”

“Bàbá, wáyà àti rọ́bà ni.”

“Ojú èèyàn ló ní.”

“Ìdí tí mo fi ṣe é bẹ́ẹ̀ nìyẹn, sà,” ni Ìbírónkẹ́ wí. “Tẹ́lẹ̀, wọn kì í bẹ ẹnikẹ́ni rárá. Mo ní ó kéré tán, kí wọ́n bẹ̀ wá bó ṣe yẹ.”

Ṣẹ̀gilọlá kọjú sí i. “Ìbírónkẹ́, ta ló ní kí Etí máa pe ìrora ọmọ mi ní irọ́?”

“Kì í ṣe ẹnìkan, mà. Àwọn kan ní òṣìṣẹ́ ò tó. Àwọn kan ní agogo ti ń dà wọ́n láàmú jù. Àwọn mìíràn wá dín ohun tí Etí ń gbọ́ kù. Kálukú ṣe díẹ̀.”

“Ṣé kálukú yẹn lórúkọ?”

“Wọ́n lórúkọ, mà. Mi ò láṣẹ láti dárúkọ wọn.”

“Ẹnìkan péré ni mo fẹ́ nínú wọn. Kó wá jókòó sórí àga yìí, kó ní òun ni. Kò tiẹ̀ ní láti dọ̀bálẹ̀.”

Olóyè mi orí. “Mákindé ṣì wà lọ́wọ́ wọn, Ìyá Ayọ̀. Bá a bá ń múnú bí wọn, ta ni wọ́n máa kanra mọ́?”

“Nítorí Mákindé gan-an ni, bàbá! Irú agogo yẹn náà ló wà nínú yàrá tiẹ̀.”

Olóyè dìde, ó sì jáde. Nígbà tí ó dé ẹnu ọ̀nà, tó rí orí funfun yẹn nínú omi òjò, àánú ṣe é. Kò ro ohun tó fẹ́ sọ lẹ́ẹ̀mejì.

“Dìde, bàbá,” ló wí. “A ti gbọ́.”

Ìbírónkẹ́ figbe ta, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ẹ̀rọ náà pé láàárín wa, àgbà àdúgbò lè gba ẹ̀bẹ̀ fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Atúúbá dìde, omi ń ro lára rẹ̀. “Ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ Ayọ̀kúnnú ti parí.” Ṣẹ̀gilọlá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Gbogbo ohun tó fi ń mí láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti kú ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn.

Ṣùgbọ́n Atúúbá kò gba ọ̀nà ibùdókọ̀ lọ. Ó sọdá títì, ó dé iwájú ilé Olóyè Látúndé, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

“Ó ti ṣìlé,” ni Olóyè wí.

Ìbírónkẹ́ di ọwọ́ Olóyè mú. “Kò lè bẹ ilé méjì lẹ́ẹ̀kan náà, sà. Wọ́n ní kí n ṣe é bẹ́ẹ̀, kí ìlú má baà mọ̀ pé òkú pọ̀. Tí ẹ̀bẹ̀ kan ò bá tíì parí, òmíràn á máa dúró.”

Olóyè sáré sọdá títì pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀.

“Mo túúbá, sà,” ni Atúúbá wí. “Ọmọ ọmọ yín, Mákindé, ti kú. Ikọ́ fée ló ṣe é. Ó tẹ agogo. Ẹ̀bi wa ni.”

“Ìgbà wo?”

“Nígbà tí mo wà lẹ́nu ọ̀nà ìyá yẹn, sà.”

“Ta ló ṣe é?”

“Èmi ni, sà.”

Olóyè fọwọ́ ti ògiri. Ó wo arúgbó tó wà nílẹ̀. Ó wo ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ ní ohun kan ṣoṣo tí ènìyàn ń sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ti ń là láti sọ ọ́.

Ṣẹ̀gilọlá ti sáré dé. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bo ẹnu Olóyè Látúndé lójú gbogbo àdúgbò, ohun tí obìnrin kankan kò ṣe rí ní Ayédire.

“Ẹ má sọ ọ́, bàbá,” ló ń wí, ó sì bú sẹ́kún. “Oṣù kan péré ni. Màá jókòó tì yín. Ẹ má sọ ọ́.”

Olóyè mi orí lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ pé òun ò ní í sọ ọ́. Omijé Olóyè ń ṣàn gba àárín ìka Ṣẹ̀gilọlá, Ṣẹ̀gilọlá kò sì gbé ọwọ́ náà kúrò.