Káàdì Mọ́kàndínlógójì Tó Pòórá ní Jamestown

Káàdì kan ṣoṣo ló kù nínú agolo náà. Ogójì ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Usamah gbé e wá bá Ìbídùn lẹ́nu àtẹ̀gùn. Kò pariwo. Ọ̀dọ́kùnrin tí kì í pariwo ni. Ó ń tún fóònù ṣe lọ́jà Okaishie, ó sì ń dá gbé láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú.

"Àǹtí, mo fi í sílẹ̀ lórí tábìlì, mo lọ kírun Alásárì ni. Mo dé, mo bá a báyìí."

Ìbídùn gba agolo. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun. Nígbà tí Phoebe, tó ni ṣọ́ọ̀bù káàdì, bẹ̀ ẹ́ pé kó wá bá òun ṣọ́nà níbi ìdíje káàdì ọjọ́ Sátidé yìí, kò bèèrè nǹkan kan. Ó ṣáà wá, nítorí pé èèyàn yóò wà níbẹ̀.

"Èwo ló kù yìí?"

"Apẹja ni. Ìyá mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ yàn án fún mi lọ́jà Makola, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kó kú. Kò níye lórí. Ńṣe làwọn èèyàn máa ń jù ú nù."

"Ta ló mọ̀ pé ìyá rẹ ló yàn án?"

"Bóyá mo ti sọ ọ́ níbi eré rí. Mi ò rántí."

Ìbídùn ti káàdì náà bọ àpò. "Èmi àti ìwọ nìkan ló rí i pé ó kù. Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Eré Ìlú Méje ni wọ́n ń ta. Oníkálukú a kó káàdì ogójì tirẹ̀ jọ, a sì fi ọba, ológun àti ará ìlú bá ẹnì kejì jà. Àwọn tó lówó lọ́wọ́ máa ń ra ọba tó le. Usamah ò ní. Apẹja, aláàárù, alágbàfọ̀, àwọn káàdì pọ́ọ́kú tí ẹlòmíràn jù sílẹ̀, ló ṣà jọ. Wọ́n máa ń ya bo ọba kó tó dìde. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, èèyàn márùn-ún ni Usamah ti fi wọ́n lé kúrò nínú ìdíje. Ó ku Táyọ̀ nìkan, ẹni tí owó ọba rẹ̀ kan tó ra gbogbo ohun tó wà nínú agolo Usamah nígbà mẹ́wàá. Ẹni tó bá borí yóò lọ gbé Èkó fún ọdún kan, yóò máa kọ́ àwọn èèyàn léré náà.

Ọdún tí dumsor, iná tó ń lọ tó ń bọ̀, gbóná ni. Iná lọ nígbà ìsinmi, ooru sì lé gbogbo èèyàn sísàlẹ̀. Ẹnu àtẹ̀gùn lókè, níbi téèyàn ti ń gbọ́ ohun tó bá dún nínú yàrá, ni Ìbídùn jókòó sí. Kò sẹ́ni tó gòkè kí Usamah tó dé. Àwọn mẹ́ta péré ló kù lókè: Phoebe, Táyọ̀, àti bàbá kan tó ń jẹ́ Dàda.

Ìbídùn dé agolo náà, ó tún ṣí i. Ìdérí rẹ̀ ké bí ilẹ̀kùn tó dípẹtà.

"Bó ṣe máa ń ké nìyẹn," Usamah ní, "àfi téèyàn bá fi àtàǹpàkò tẹ igun ẹ̀yìn rẹ̀."

Ìbídùn ò gbọ́ igbe kankan láti ìgbà tí iná ti lọ.

Ó kọ́kọ́ pe Phoebe, ọmọ Gã tí wọ́n tọ́ dàgbà nílé Alátà, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn Yorùbá níbẹ̀, tó gbọ́ Yorùbá dáadáa.

"Níbo lo wà?"

"Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn lókè níbí, Àǹtí. Mò ń bá jẹnẹrétọ̀ jà." Ó na ọwọ́ méjèèjì. Ọ́ìlì dúdú ti bò wọ́n dé ọrùn ọwọ́. "Kò tíì dáhùn títí di ìsinsìnyí."

Ìbídùn wo agolo náà. Funfun ni. Kò sí àbàwọ́n kankan lára rẹ̀.

Táyọ̀ ló kàn. Orí bẹ́ǹṣì ló sùn sí nígbà ìsinmi. Káàdì tirẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì kan náà, ní gbangba. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án.

"Àǹtí, mo mọ ohun tẹ́ ẹ ń rò. Mo ní ogójì mìíràn nínú báàgì. Kó gbà á, ká ta á."

"Ṣé káàdì tí kò mọ̀ lo wá fẹ́ kó fi bá ọ jà?"

Ojú ti Táyọ̀. "Mo fẹ́ nà án, àmọ́ mo fẹ́ kí gbogbo ayé rí i pé mo nà án."

"Bá mi ṣí agolo yìí."

Táyọ̀ fà á. Ó ké. Ó tún fà á, ìdérí tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ẹ̀bá fèrèsé ni Dàda jókòó sí. Aago ló ń tún ṣe ní àdúgbò Sabon Zongo. Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sí Ìsẹ́yìn, wọn ò sì padà. Òun ló kọ́ Usamah léré Ìlú Méje.

"Ẹ ò sọ̀kalẹ̀ ni, bàbá?"

"Orúnkún mi ni, ìyá. Mo jókòó, mò ń wo òkun."

"Ẹ bá mi ṣí i."

Àtàǹpàkò Dàda lọ sí igun ẹ̀yìn. Ìdérí ṣí láìdún. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Àwa méjèèjì la jọ ń ta á ní Jímọ̀ Jímọ̀," ó yára sọ. "Kò sí bí mi ò ṣe ní mọ̀ ọ́n ṣí."

Òótọ́ ni. Ìyẹn nìkan ò lè dẹ́bi fún un, Ìbídùn sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó pe Usamah wọlé. Ọmọkùnrin náà jókòó sílẹ̀, ó forí lé orúnkún, ó ń sunkún. Ìbídùn dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó pẹ́ kí Dàda tó gbé ọwọ́ lé èjìká rẹ̀.

"Má sunkún mọ́, ọmọ mi. Ṣebí Apẹja ìyá rẹ ò bá wọn lọ."

Usamah gbórí sókè. "Ta ló sọ fún yín?"

Ìbídùn yọ káàdì náà jáde.

"Inú àpò mi ló wà látìgbà tó ti wá bá mi. Olè tó ń wá owó, ti Táyọ̀ ni ìbá kó. Ọwọ́ Phoebe ìbá ti kun agolo ní ọ́ìlì. Táyọ̀ ò lè ṣí i kí n má gbọ́. Ẹ̀yin lẹ ṣí i, bàbá. Ẹ sì yọ ti ìyá rẹ̀ sílẹ̀, torí ẹ ò fẹ́ kó dùn ún tó bẹ́ẹ̀."

Dàda ò jiyàn. Ó tú báàgì irinṣẹ́ rẹ̀. Káàdì mọ́kàndínlógójì náà wà níbẹ̀, ó fi áńkáṣíìfù dì wọ́n.

"Màá dá a padà lọ́la," ó ní. "Kí ọjọ́ òní ṣáà kọjá. Bó bá dé Èkó, kò ní padà mọ́. Àwọn tèmi náà, ọdún kan ni wọ́n dá fún mi." Ó tì wọ́n síwájú Usamah. "Ọjọ́ Jímọ̀ nìkan lẹnìkan ń pè mí lórúkọ. Ọjọ́ mẹ́fà yòókù, aago nìkan ni mò ń gbọ́."

"Ẹ̀ bá ti sọ fún mi," Usamah ní.

"Kí ni ǹ bá sọ? Pé kó o má lọ?"

Usamah kó àwọn káàdì náà padà sínú agolo. Phoebe ti mú fóònù láti pe ọlọ́pàá, àmọ́ Usamah mi orí sí i. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ." Kò wo Dàda bó ṣe ń gba àtẹ̀gùn sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún.

Jẹnẹrétọ̀ dáhùn nígbẹ̀yìn. Wọ́n ta ayò àṣekágbá. Ẹnì kọ̀ọ̀kan borí lẹ́ẹ̀kan; lẹ́ẹ̀kẹta, ọba Táyọ̀ tètè dìde, àwọn aláàárù ò sì tíì pé. Usamah pàdánù. Kò sí màgòmágó níbẹ̀. Táyọ̀ ló lọ sí Èkó.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ìbídùn gba Okaishie kọjá. Usamah wà nídìí tábìlì rẹ̀, kò ní oníbàárà. Ọwọ́ òsì ló fi ń bá ọwọ́ ọ̀tún ta káàdì.

Nígbà tó dé Sabon Zongo, ó yà kí Dàda. Àga méjì ló wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

"Ṣé Usamah ti wá?"

"Iṣẹ́ ló pọ̀ fún un lónìí, ìyá. Ó máa tó dé."

Ìbídùn ò sọ ohun tó rí fún un. Ó dúró díẹ̀ nínú oòrùn. Dàda ti nu àga kejì mọ́ tónítóní. Kò ní kí Ìbídùn jókòó sí i.