Ìdákẹ́jẹ́ Ẹni Méjì

Orí ìkúnlẹ̀ ni obìnrin náà bá a. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ bàtà obìnrin, bàtà pupa onígìgísẹ̀ gíga, ó sì ń fi wọ́n sáré nínú páálí tí yanrìn kún. Ó di ojú. Òógùn ń ṣàn lágbárí rẹ̀, maikirofóònù kan sì rọ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ káàsán o," obìnrin náà sọ láti ẹnu ọ̀nà. "Ta ló ń lé yín?"

Ọkùnrin náà la ojú, ó rí ọ̀gá tuntun, ṣùgbọ́n kò bọ́ bàtà náà. "Ọkọ mi ni, mà. Mo ń sá kúrò nílé ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn yẹn kó tó dé."

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà gan-an ló ti di ọ̀gá ilé iṣẹ́ rédíò tí wọ́n wà yìí, obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò jókòó sórí àga náà. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi ka ìròyìn kó tó débẹ̀. Nígbà yẹn, tábìlì tó bá jókòó sí nílé oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́ kì í gba èèyàn. Ní báyìí, bó bá ti gbé àwo rẹ̀ dé, wọ́n á dìde, wọ́n á ní "Ẹ jókòó, mà", wọ́n á sì rántí lójijì pé àwọn ní iṣẹ́ lókè. Kò sẹ́ni tó kórìíra rẹ̀ o. Ipò ló kàn gbé e lọ síbi tí ọwọ́ èèyàn kò lè tó. Gbogbo ayé ló ń pè é ní "ẹ̀yin". Ìyá rẹ̀ nìkan ló kù tó ń pè é ní "ìwọ", orí fóònù sì nìyẹn, lọ́jọ́ Àìkú.

"Ọmọ mi, àga kì í kí èèyàn káàbọ̀," ni ìyá rẹ̀ máa ń wí.

"Mo ti gbọ́, Màmá," lòun náà máa ń fèsì. Á gbé fóònù sílẹ̀, á fọ abọ́ kan àti ṣíbí kan, á sì lọ jókòó.

Aláriwo ni wọ́n ń pe ọkùnrin oníbàtà pupa yìí. Orúkọ yẹ̀yẹ́ ni, torí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ rárá. Òun ló ń ṣe gbogbo ìró tó wà nínú eré orí rédíò. Bí òjò bá máa rọ̀ nínú eré, á da ìrẹsì sórí páálí díẹ̀díẹ̀. Bí ẹyẹ bá máa fò, á ṣí agbòòrùn àtijọ́ kan, á tún pa á dé. Ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, láti ìgbà náà ló sì ti sọ sítúdíò di ilé.

Ohun kan wà tí Ọ̀gá fẹ́ ṣe kó tó ṣe ohun mìíràn. Nílé iṣẹ́ náà, obìnrin ló ń ka ìròyìn, obìnrin ló ń kọrin, ṣùgbọ́n ọwọ́ obìnrin kankan kò tíì kan ẹ̀rọ rí. "Àwa là ń sọ̀rọ̀," ó sọ fún ìgbìmọ̀ tó ń darí ilé iṣẹ́ náà, "ẹlòmíì ló ń pinnu bí ohùn wa ṣe máa dún." Ó yan obìnrin mẹ́fà tí wọ́n máa kọ́ ní iṣẹ́ ẹ̀rọ. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ni Ìyá Ìbejì, tó ti gbálẹ̀ sítúdíò fún ọdún mẹ́sàn-án, tó sì mọ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan láti ibi eruku rẹ̀. Nígbà tí Ọ̀gá wá ẹni tó máa kọ́ wọn, àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàwáwí. Aláriwo nìkan ló ní, "Ẹ kó wọn wá."

Lọ́jọ́ kan, Aláriwo fúnra rẹ̀ gòkè wá sí ọ́fíìsì Ọ̀gá. Gbogbo ọjọ́rú ni Ọ̀gá máa ń bá àwọn olùgbọ́ sọ̀rọ̀ láti ibẹ̀, wọ́n á sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kó tó lọ sórí afẹ́fẹ́.

"Mo wá gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá yín, mà."

"Ẹ wá gba kí ni?"

"Ìdákẹ́jẹ́ ẹ̀. Yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀. Tí ẹ bá wúkọ́ nínú ọ̀rọ̀ yín, tí a gé e kúrò, ihò máa kù síbẹ̀, etí máa mọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ yàrá yín la máa fi dí i. Ẹ ṣáà dúró. Ìṣẹ́jú kan péré."

Ó gbé maikirofóònù kalẹ̀, ó fi hẹ́dífóònù sétí. Wọ́n dúró. Ọ̀gá gbọ́ aago ara ògiri, ó gbọ́ fáànù, ó gbọ́ èémí ara rẹ̀. Ilẹ̀ ni ọkùnrin náà kọ́kọ́ ń wò. Nígbà tó yá, ó gbé ojú sókè, kò sì gbé e sílẹ̀ mọ́. Láti ìgbà tí obìnrin náà ti di ọ̀gá, kò sẹ́ni tó dúró nínú yàrá yẹn láìfẹ́ gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìṣẹ́jú kan lẹ pè é," Ọ̀gá sọ nígbà tó wo aago. "Ìṣẹ́jú mẹ́ta ti lọ."

"Ẹ má bínú, mà. Mi ò mọ ibi tí mo lè dá a dúró."

Láti ọjọ́ náà, àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé ni Ọ̀gá ti ń jẹun ọ̀sán. Aláriwo á jókòó sórí àtẹ̀gùn kan nísàlẹ̀ tirẹ̀, á máa fi bébà àti kọ́kọ́rọ́ ṣe ìró fún un, òun á máa méfò ohun tó jẹ́. Kò mọ ọ̀kankan rí. Ó lè pe ẹṣin ní ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Má pè mí ní 'ẹ̀yin' mọ́," Ọ̀gá sọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Kí ni kí n wá máa pè ọ́?"

"O ti pè é yẹn."

Ṣùgbọ́n ògiri létí. Kò pẹ́ tí Alága ìgbìmọ̀ ránṣẹ́ pe Ọ̀gá.

"Wọ́n ní ẹ fẹ́ fẹ́ Aláriwo."

"Ọ̀gá tó wà níbí kí n tó dé fẹ́ akọ̀wé rẹ̀, sà. Ẹ bá a yọ̀."

"Ìyẹn yàtọ̀. Akọ̀wé yẹn fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọkọ ò lè wà lábẹ́ ìyàwó ẹ̀. Ọ̀kan nínú yín máa lọ. Ẹ lọ rò ó."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọ̀gá mọ̀ pé Alága kò fẹ́ kó jókòó sórí àga náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó pinnu pé òun àti Aláriwo yóò jọ rò ó lórí àtẹ̀gùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó wọ ọ́fíìsì lọ́jọ́ kejì, lẹ́tà kan ló bá lórí tábìlì: *Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí àga yín lè dúró.*

"Yín" yẹn dùn ún ju lẹ́tà náà lọ. Kò buwọ́ lù ú, kò sì pe ọkùnrin náà. Ó tì í sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin mẹ́fà dúró. Ọ̀gá padà sílé oúnjẹ, ó ń dá jẹun lórí tábìlì ẹlẹ́ni mẹ́jọ. Ó ṣàárò Aláriwo débi pé bí ẹnì kan bá ṣí agbòòrùn lẹ́nu géètì, á yíjú wò.

Lọ́sàn-án ọjọ́rú kẹta, Ìyá Ìbejì kan ilẹ̀kùn. Òun ló ń tọ́jú ohùn Ọ̀gá báyìí, kò sẹ́lòmíì.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ihò inú ọ̀rọ̀ yín ò ṣeé dí. Ìdákẹ́jẹ́ tí bọ̀dá fi sílẹ̀ ò bá a mu."

"Yàrá yìí náà ṣáà ni."

"Yàrá yìí ni, mà. Àmọ́ èèyàn méjì ló ń mí nínú èyí tí bọ̀dá gbà." Ìyá Ìbejì wo ilẹ̀. "Ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbí báyìí. Mo máa gba òmíì."

Ó gbé maikirofóònù kalẹ̀, ó tẹ ẹ̀rọ, ó rọra jáde, ó pa ilẹ̀kùn dé.

Aago ń lọ. Fáànù ń yí. Ọ̀gá dúró sójú kan náà tó dúró sí lọ́jọ́sí, ó sì gbọ́ bí yàrá náà ṣe ṣófo tó. Ó mọ̀ pé báyìí ni yóò ṣe máa dún títí ọjọ́ tí òun máa fẹ̀yìn tì. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ìṣẹ́jú náà kò pé kó tó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ àti lẹ́tà inú dúrọ́ọ̀ náà. Ó kọjá lára Ìyá Ìbejì lọ́dẹ̀dẹ̀.

"Ó bàjẹ́," ó sọ.

"Mo gbọ́, mà," Ìyá Ìbejì dáhùn. "Ẹ tètè máa lọ."

Nígbà tí Aláriwo ṣílẹ̀kùn ilé rẹ̀, rédíò wà lórí tábìlì lẹ́yìn rẹ̀, ilé iṣẹ́ wọn ló sì ń dún níbẹ̀. Ọ̀gá na lẹ́tà sí i.

"Gbogbo ayé ló ń pinnu nípa mi láìbi mí. Mo rò pé o ò sí nínú wọn."

"Mo fẹ́ kí àga ẹ dúró ni."

"Ta ló rán ẹ?"

Ọkùnrin náà fi ọwọ́ nu ojú. "Mo ṣàṣìṣe," ó sọ. "Ó yẹ kí n bi ọ́. Dárí jì mí."

"Mo pe Alága kí n tó bọ́lẹ̀ nínú mọ́tò. Mo ní igbákejì mi láá máa bójú tó ẹ̀ka ohùn láti òní, èmi ò ní fọwọ́ kan fáìlì ẹ. Mo ní bí ìyẹn ò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ohun tí wọ́n bá ọkùnrin yọ̀ sí, ẹ̀ṣẹ̀ ni fún obìnrin. Màá kà á sórí rédíò lọ́jọ́rú."

"Kí ló sọ?"

"Ó dákẹ́."

Aláriwo yí ohùn rédíò sílẹ̀. "Irú ìdákẹ́jẹ́ wo?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú. "Ti ẹni tí kò lésì." Ó sún mọ́ ọn. "Ṣé wàá fẹ́ mi, Aláriwo? Mo ń bi ọ́ o. Ó yẹ kí ẹnì kan nínú wa máa béèrè kó tó pinnu."

"Mo gbà, olówó orí mi," ó dáhùn. Bó ṣe pe orúkọ ọkọ fún un yẹn ló tún pa Ọ̀gá lẹ́rìn-ín, ó sì fi orí lé èjìká rẹ̀.

Lọ́jọ́rú tó tẹ̀ lé ìgbéyàwó wọn, Ìyá Ìbejì tún gbé ẹ̀rọ dé ọ́fíìsì Ọ̀gá, àwọn obìnrin márùn-ún yòókù tẹ̀ lé e.

"Ta ló máa wà níbí tí Ọ̀gá bá ń sọ̀rọ̀?" ó béèrè.

"Èmi," ni Aláriwo sọ. Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ lábẹ́ igbákejì; wákàtí oúnjẹ rẹ̀ ni, ó sì ti fi àwo rẹ̀ sórí itan.

"Ó dáa. Ìdákẹ́jẹ́ ẹni méjì nìyẹn." Ìyá Ìbejì fi hẹ́dífóònù sétí, ó na ìka sókè. "Ìṣẹ́jú kan. Kẹ́nikẹ́ni má ṣe mira, ọ̀gá o, ọkọ ọ̀gá o."

Òun àti àwọn obìnrin náà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀gá àti Aláriwo jókòó, wọ́n ń wo ara wọn. Aago ń lọ, fáànù ń yí. Ó ku díẹ̀ kí ìṣẹ́jú náà pé ni ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Aláriwo.

"Ẹ ti bà á jẹ́!" Ìyá Ìbejì kígbe látìta. "A máa tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ni."

"A ti gbọ́, mà," ni Ọ̀gá dáhùn, ó sì di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú.