Ìgbòkun Tó Pòórá ní Kamina

Ìgbòkun náà ò sí nílé ìkẹ́rùsí mọ́. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò já àgádágodo.

"Léon, wọ́n ti pa mí!" Bàbá Étienne jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń wúkọ́. Ìdí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ti lo ìgbà èwe rẹ̀, èéfín ibẹ̀ ló ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Lọ́dún 1980 yìí tí epo wọ́n bí ojú, ọ̀gá ọkọ̀ kan ní Lomé gbà pé kí Bàbá rán ìgbòkun fún ọkọ̀ òun, kí afẹ́fẹ́ máa ran ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́, kí epo àti èéfín lè dín kù. Bí ìgbòkun ò bá dé kílẹ̀ tó ṣú, ọkọ̀ ń lọ láìsí i.

"Odindi oṣù kan ni Geneviève ọmọ mi fi omi èèpo irúgbá kùn ún, kí omi má lè wọ̀ ọ́!"

Léon, ọlọ́pàá jàndámù ìlú náà, yẹ ilẹ̀kùn wò. Aṣọ tó fẹ̀ tó àgbàlá, ibo ni wọ́n gbé e gbà?

Ó lọ bá Jacques tó ń ta epo fáwọn ọlọ́kọ̀.

"Ìgbòkun yẹn ìbá ba ọjà rẹ jẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ìlú Anié lòjò àná dá mi dúró sí. Kọ́kọ́rọ́ dà lọ́wọ́ mi?"

Olúgbódi tó nilé ìkẹ́rùsí náà ti ń pariwo pé kí wọ́n gbẹ́rù wọn kúrò. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, orí ẹní ló wà.

Léon gba ọjà òwú lọ, ìrètí ti ń tán. Gbogbo àgbẹ̀ ń ṣépè fójò. Wọ́n tú òkìtì òwú wọn kúrò nínú aṣọ, wọ́n ń sá a. Òkìtì kan ṣoṣo ni wọn ò tú. Léon ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó gbẹ táútáú.

Geneviève ló ni ín.

"Báwo lòjò ò ṣe pa òwú tìẹ? Ta ló tún ní kọ́kọ́rọ́ yàtọ̀ sí bàbá rẹ?"

Obìnrin náà kúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun. Nírọ̀lẹ́ àná ni mo fi ọmọlanke gbé e, mo fi di òwú mi. Ta ní ń yẹ òwú wò lásìkò yìí? Gérard ọkọ mi ló ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi yẹn. Ó ti ń wúkọ́ bíi ti Bàbá. Ó búra pé bí ìgbòkun ò bá sí, òun ò ní wọkọ̀ náà mọ́. Mo fẹ́ kó jókòó tì mí!"

Bàbá Étienne ti dé ẹ̀yìn wọn.

"Ẹni tí wọ́n máa fi rọ́pò rẹ̀ ńkọ́, ṣé òun ò níyàwó ni?"

Geneviève sunkún. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ tú okùn, òwú ọdún kan dà sínú ẹrẹ̀. Wọ́n gbé ìgbòkun sínú mọ́tò tó ń lọ sí Lomé.

"Bàbá, ṣé èéfín náà máa dín kù lóòótọ́?"

"Á dín kù."

"Ikọ́ Gérard ńkọ́?"

Bàbá Étienne fẹ́ dáhùn, ikọ́ ò jẹ́.