Odò Tí Ẹ̀ṣọ́ Kò Jẹ́ Kó Ṣàn

Ìyá kan tí a jọ ń lọ aṣọ ní ilé ìfọṣọ ni ó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Irin gbígbóná wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń tẹ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì kan, ó kàn ṣàdédé ní, "Ṣé o mọ̀ pé eré ni ó gba ọkọ lọ́wọ́ ọmọ mi?" Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo wo ojú rẹ̀, mo gbé irin tèmi kalẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe eré orí kọ̀ǹpútà ni ọmọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Eré ogun ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tó fẹ́ ìka yíyára. Orí pípé ni ó fẹ́. Wàá tẹ ìlú dó, wàá kó oúnjẹ pa mọ́, wàá kó ọmọ ogun jọ, wàá sì máa ro ohun tí aládùúgbò rẹ ń rò. Iṣẹ́ ọmọbìnrin náà ni pé kí ó máa dán eré náà wò láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kí ó máa wá ibi tó ti bàjẹ́, kí ó sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn tí yóò tún un ṣe. Ìdí nìyí tí gbogbo ọ́fíìsì fi ń pè é ní Ayẹ̀wò. Iṣẹ́ náà máa ń rẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń fi ojoojúmọ́ wá àbùkù, ojú rẹ̀ kì í tètè rí ẹwà.

Lọ́jọ́ kan, fíríìjì ọ́fíìsì dákẹ́. Wọ́n ránṣẹ́ pe ẹni tí yóò tún un ṣe. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan dé, báàgì irinṣẹ́ ní èjìká, òógùn lójú. Ó kúnlẹ̀ sẹ́yìn fíríìjì nítòsí tábìlì Ayẹ̀wò, ó ń tú u, ṣùgbọ́n ara kọ̀ǹpútà ni ojú rẹ̀ ń lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí," ó ní, "odò yín yẹn kò ṣàn o."

Ayẹ̀wò kò yí ọrùn. "Ọ̀gá onífíríìjì, fíríìjì ni wọ́n ní kẹ́ ẹ wá wò."

"Mo ń wò ó. Odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn, ìyẹn la mọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tẹ́ ẹ yà síbẹ̀ yìí, iwájú gan-an kò lọ. Àwọ̀ lásán ni. Ọkọ̀ kò lè gba orí ẹ̀ kọjá, ẹran kò lè mu ún."

"Ẹ ò tíì rí mọ́ọ̀dù Bàbá Odò nìyẹn. Odò tiẹ̀ ń ṣàn. Ó ń kún lásìkò òjò, ó ń fà lásìkò ọ̀dá. Gbogbo wa níbí la fi ń ṣeré tí ọ̀gá ò bá sí nítòsí."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀tì kan fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó yí wọ abẹ́ fíríìjì. "Àǹtí," ó ní, "èmi ni Bàbá Odò."

Mọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pe àfikún tí ẹni tó ra eré bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sínú eré náà, tó wá fún àwọn yòókù lọ́fẹ̀ẹ́. Ó dà bí ìgbà tí o bá rán àpò mọ́ aṣọ tí o rà, tí o sì kọ́ àwọn aládùúgbò bí wọn yóò ṣe rán tiwọn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ọkùnrin yìí fi ṣe odò rẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́.

"Gbogbo ohun tí mo bá tún ṣe ló máa ń bàjẹ́ padà," ó sọ fún Ayẹ̀wò nígbà tí wọ́n ti di ọ̀rẹ́. "Fíríìjì ò ní ìmoore. Odò yẹn nìkan ni mo ṣe rí tí kò pè mí padà."

Ìfẹ́ wọn kò pariwo. Bí iṣẹ́ bá ti parí, wọn yóò jókòó sórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì, ó ti rẹ àwọn méjèèjì, Ayẹ̀wò yóò gbé orí lé èjìká rẹ̀ tó ń rùn fún gáàsì. "Odò mi" ni ó ń pè é. Òun náà ń pè é ní "Ayẹ̀wò mi."

Ìyá kò kọ́kọ́ fẹ́ ẹ. "Onífíríìjì? Tó tún ń fi ìrọ̀lẹ́ ṣeré? Ọmọ mi, ṣé omi odò yẹn la ó máa mu?"

"Màámi, ẹ sáà wò ó ná."

Ọkùnrin náà wá kí i. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n fáànù ìyá tó ti ń ké bí ẹyẹ láti ọjọ́ pípẹ́, kí wọ́n tó bu omi fún un tán, ó ti tú u, ó ti tò ó, ariwo ti tán. Láti ọjọ́ náà ni ìyá ti ń béèrè pé, "Onífáànù wa dà?" Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin náà, obìnrin tó tọ́ ọ dàgbà, sì ti ń pe Ayẹ̀wò ní ìyàwó wa. Ọjọ́ ìgbéyàwó tí wọn yóò dá ni ó kù.

Ìgbà náà ni wọ́n gbé ẹ̀ṣọ́ dé.

Àwọn kan ń jí eré náà dàkọ, wọ́n ń pín in kiri. Ọ̀gá wá ra ohun èlò kan tí yóò máa gbé inú eré, tí yóò máa yẹ gbogbo rẹ̀ wò nígbàkígbà tí èèyàn bá ṣí i. Ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n ń pè é. Bí ohunkóhun níbẹ̀ bá yàtọ̀ sí bó ṣe kúrò lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́, ẹ̀ṣọ́ yóò ti eré náà pa. Kò mọ ẹni tó ń jí ẹrù jáde yàtọ̀ sí ẹni tó ń gbé ẹ̀bùn wọlé. Ẹrù ṣáà ni ó mọ̀.

"Odò mi ńkọ́?" ọkùnrin náà béèrè lórí àtẹ̀gùn.

"Wọ́n ní àwọn lè kọ́ ẹ̀ṣọ́ láti dá àwọn kan mọ̀, kó jẹ́ kí wọ́n kọjá. Kó o fún mi. Gbogbo ẹ̀, títí kan èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí. Màá fi lé wọn lọ́wọ́."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Àbí o ò fọkàn tán mi?"

Ọkùnrin náà fi fílàṣì kékeré kan, tí odò náà wà nínú rẹ̀, sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ìka Ayẹ̀wò dé lé e lórí.

Ayẹ̀wò fi odò náà ránṣẹ́ sí àwọn tó ń kọ́ ẹ̀ṣọ́. Ó kọ ọ́ sí i pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo èyí," bó ṣe máa ń kọ ọ́ sí gbogbo nǹkan. Ohun tí kò rò ni pé láti ọjọ́ tó ti débẹ̀, kò fi ohun tó dára ránṣẹ́ sí wọn rí. Ohunkóhun tó bá ti orí tábìlì Ayẹ̀wò wá, àbùkù ni. Wọn kò bi í léèrè. Odò náà ni wọ́n fi kọ́ ẹ̀ṣọ́ bí olè ṣe ń rí.

Nígbà tí eré tuntun jáde, ẹ̀ṣọ́ kàn sọ fún àwọn tó ní mọ́ọ̀dù mìíràn pé kí wọ́n yọ ọ́. Ẹni tó bá ní odò, ẹ̀ṣọ́ kọ ọ́ gàdàgbà sójú kọ̀ǹpútà rẹ̀ pé: A RÍ OHUN ÈLÒ OLÈ. Ariwo ta níbi tí àwọn tó ń fi eré náà ṣeré ti máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

"Bàbá Odò, kí lo bù sínú omi tá à ń mu?"

"Mo ti ń fura sí i tipẹ́. Ta ló máa ń ṣe nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́?"

Àwọn olè gan-an kò pẹ́ tí wọ́n fi já ẹ̀ṣọ́ kúrò nínú eré. Nínú eré tí wọ́n jí, odò ń ṣàn geere. Ẹni tó sanwó kò rí omi, ẹni tó jalè ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ ránṣẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Odò. Ìyẹn ni ó dùn ún jù.

Ayẹ̀wò wádìí títí ó fi rí ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Ó pàdé rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. "Orí tábìlì mi ló ti wá," ó ní. "Wọ́n rò pé àbùkù ni."

Ọkùnrin náà gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀. "Kọ ọ́ síbi tí wọ́n ti ń pè mí lólè," ó ní. "Pé ìwọ lo fi ránṣẹ́, pé àṣìṣe ni. Mi ò tọrọ nǹkan míì. Odò lè gbẹ. Orúkọ mi ni kó má bá a lọ."

Ayẹ̀wò lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá kò tiẹ̀ gbé ojú sókè. "Ẹni tó bá sọ síta bí a ṣe kọ́ ẹ̀ṣọ́, kó máa palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́."

"Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ dá odò náà mọ̀ nígbà náà, sà."

"Tá a bá ṣílẹ̀kùn fún ẹnì kan, olè á gba ẹ̀yìn ẹ̀ wọlé. Ká wò ó lọ́dún tó ń bọ̀."

Nílé, ìyá na apá rẹ̀, tí irin ti jó káàkiri, jáde. "Wo apá yìí. O ní kí n fi irin sílẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, mo sì ti ń yọ̀. Ṣé kí n tún padà síbẹ̀ nítorí eré? Dákẹ́, ọmọ mi. Tó bá fẹ́ràn ẹ, á yé e."

Ayẹ̀wò dákẹ́. Ojoojúmọ́ ni ọkùnrin náà ń jókòó dè é lórí àtẹ̀gùn, ojoojúmọ́ ni Ayẹ̀wò ń sọ pé, "Fún mi láàyè díẹ̀ sí i." Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá fúnra rẹ̀.

"Ìyàwó wa, àwọn tó ń pe àbúrò mi síṣẹ́ gan-an, àwọn ọmọ wọn ti sọ fún wọn pé olè ni. Ẹnu ẹ ló wà."

"Ẹ ní sùúrù, Àǹtí."

"Sùúrù náà ti rẹ̀ wá."

Lẹ́yìn ìyẹn, ọkùnrin náà kò wá sórí àtẹ̀gùn mọ́. Ayẹ̀wò kò jẹun, kò sunkún, ó kàn ń wo fáànù tó ń yí láìpariwo. Ìyá rẹ̀ kò lè fara dà á mọ́. "Lọ kọ ọ́," ó ní. "Apá mi ṣì lè gbé irin."

Ó kọ ọ́. Gbogbo wọn kà á. Àwọn kan tọrọ àforíjì, àwọn kan sọ ọ́ di ẹ̀rín. Ọ̀gá náà kà á.

Ìyá ni ó bá a lọ kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní ọ́fíìsì. Wọ́n ń to ẹrù sínú páálí nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, tí ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ náà wọlé, báàgì irinṣẹ́ ní èjìká. Ojú Ayẹ̀wò tàn.

"Odò mi! O kà á?"

"Mo kà á."

"Mo mọ̀ pé o máa wá."

Ó wo ilẹ̀. "Fíríìjì ni wọ́n pè mí sí."

Ó tẹríba fún ìyá, ó sì kúnlẹ̀ sẹ́yìn fíríìjì. Nígbà tó yá, fíríìjì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ó nu ọwọ́ rẹ̀.

"O ṣeun tó o kọ ọ́," ó ní. "Wọn ò pè mí lólè mọ́."

"Jẹ́ ká jọ máa lọ nígbà náà. Mi ò níṣẹ́ mọ́, ìwọ náà ò lódò mọ́. A ti dọ́gba."

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ayẹ̀wò mi. Ká ní inú ló ń bí mi ni, ì bá sàn. Ìbínú máa ń tán. Ó rẹ̀ mí ni. Tí mo bá ti rí ẹ báyìí, orí àtẹ̀gùn yẹn ni mo tún ń padà sí, tí mò ń rò pé òní ni wàá sọ ọ́, ọ̀la ni."

"Màá dúró dè ọ́."

"Má ṣe é. Mo mọ bó ṣe ń rí."

Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó jáde. Páálí ṣì wà lọ́wọ́ ìyá. Ohun tí kò pè é rí ni ó pè é lọ́jọ́ náà. "Ọmọ mi!"

Ọkùnrin náà dúró, ẹsẹ̀ kan lórí àtẹ̀gùn. "Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má máa ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì yẹn sílẹ̀, Mà," ó ní, ojú rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. "Ìyẹn ló ń bà á jẹ́."

Ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí ẹrù wúwo lórí rẹ̀, ó kọjá ibi tí wọ́n máa ń jókòó sí, ó dé ojú ọ̀nà, kò sì bojú wẹ̀yìn.