Òkè Villads

Nígbà àkọ́kọ́ tí Sidsel fojú kan Asger, ó rò pé òkú ni.

Ọkùnrin náà nà gbalaja sórí koríko lórí òkè, fìlà bò ó lójú, ọmọ àgùntàn kan sì dúró lórí àyà rẹ̀. Afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ kíkankíkan, ó ń tẹ koríko mọ́lẹ̀ yí i ká, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò mira. Sidsel ju àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré lọ, ó kúnlẹ̀ tì í, ó sì fọwọ́ kàn án lọ́rùn.

"Ọwọ́ yín mà tutù o," ni òkú náà wí.

Sidsel kígbe, ó sì fìdí jókòó sínú ẹrẹ̀.

Ọkùnrin náà ṣí fìlà kúrò lójú. Ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wà nínú rẹ̀. "Ẹ má bínú. Àwọn àgùntàn wa ló ń bímọ, wọn ò jẹ́ kí n sùn. Ibi tí oorun bá ti bá mi ni mò ń dùbúlẹ̀ sí."

"Ẹ̀rù bà mí! Mo ti ń ronú ohun tí mo máa sọ fún ìyàwó yín."

"N kò níyàwó. Kí lẹ bá sọ fún un?"

"Pé ọkọ ẹ̀ ò mọ bí wọ́n ṣe ń sùn nílé."

Asger rẹ́rìn-ín, ó fà á dìde, kò sì tètè fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ́fíìsì ètò ìlú ti ìjọba ìbílẹ̀ ni Sidsel ti ń ṣiṣẹ́, lódìkejì omi. Òun ni wọ́n ní kó wá ibi tí wọn yóò gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ mẹ́ta, irú èyí tí afẹ́fẹ́ ń yí apá rẹ̀, sí ní erékùṣù Lyngø, kí àwọn ará ibẹ̀ lè ní iná mànàmáná tiwọn, kí wọ́n sì yé fi epo mú ilé gbóná nígbà òtútù. Àwọn ará erékùṣù fúnra wọn ni yóò ni ẹ̀rọ náà. Èrè tó bá wọlé ni wọn yóò fi gbé ilé ẹ̀kọ́ wọn ró, torí ìjọba ti ń sọ pé àwọn máa tì í pa. Kò sì sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ tó orí òkè yìí ní gbogbo Lyngø.

"Bàbá mi ló ni òkè," ni Asger wí nígbà tó gbọ́. "Ẹ wá jẹun ná. Ẹ̀ ń lọ gba èébú, ẹ má fi inú òfìfo gbà á."

Ó fún un ní búrẹ́dì dúdú àti ẹja oníyọ̀. Kò tíì jẹun tán tí Villads, bàbá Asger, fi wọlé. Àgbàlagbà náà ga, ó sì gbẹ bí igi.

"Ẹ káàsán, bàbá. Mo wá nítorí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́..."

"Rárá."

"Ẹ ò tíì gbọ́ ohun tí..."

"Mo gbọ́ 'ẹ̀rọ afẹ́fẹ́'. Rárá." Ó wọ bàtà òjò rẹ̀ padà, ó sì jáde lọ bá àwọn àgùntàn.

Sidsel kò ṣíwọ́. Jálẹ̀ ìgbà ìrúwé, ó ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá, ó ń wọn afẹ́fẹ́, ó ń jókòó nílé ìdáná àwọn ènìyàn, ó ń gbọ́ tẹnu wọn. Ibi yòówù kó lọ, iṣẹ́ kan á ṣàdédé gbé Asger dé ìtòsí ibẹ̀. Tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, Asger ni yóò kọ́kọ́ rí ní èbúté.

"Kí lẹ wá rà níbí?"

"Afẹ́fẹ́. Wọ́n ní ti èbúté dáa."

Lọ́jọ́ kan, ó bu ọ̀dùnkún tuntun kún inú fìlà, ó sì gbé e fún un. Ọ̀dùnkún náà ṣì ní erùpẹ̀ lára.

"Òdòdó làwọn ọkùnrin mìíràn máa ń fún obìnrin."

"Ẹ lọ se òdòdó wò, ẹ wá sọ bó ṣe rí lẹ́nu fún mi."

Sidsel rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. "Asger, orí ẹ ò pé." Bí "ẹ" ọ̀wọ̀ ṣe kúrò láàárín wọn nìyẹn, wọn ò sì pè é padà mọ́. Ní ọjọ́ náà, ọkọ̀ ojú omi méjì lọ láìgbé e, nítorí ẹnu Asger wà ní ẹnu rẹ̀.

Ṣùgbọ́n erékùṣù kékeré ni Lyngø. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ní ṣọ́ọ̀bù pé ọmọ ìjọba ti rí ọ̀nà àbùjá dé orí òkè Villads. Villads náà gbọ́.

"Òkè ló ń fẹ́," ó sọ fún ọmọ rẹ̀. "Kì í ṣe ìwọ."

Asger ní irọ́ ni. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára, ọjọ́ tí Sidsel tún dé ló sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀: "Ká ní bàbá mi ò ní òkè, ṣé wàá ṣì máa wá?"

Sidsel wò ó. Ó gbé àpò rẹ̀, ó sì padà sínú ọkọ̀ tó gbé e wá.

Omijé ò jẹ́ kó rí etíkun dáadáa lọ́nà. Inú ń bí i, ṣùgbọ́n bó ṣe ń ronú, ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kọjá ìbínú. Òun ló ń yan ibi tí wọn yóò gbé ẹ̀rọ sí, òun náà ló sì nífẹ̀ẹ́ ọmọ onílẹ̀. Bó ti wù kó ṣòótọ́ tó, ta ni yóò gbà á gbọ́? Nígbà tó dé ọ́fíìsì, ó lọ bá Birthe, ọ̀gá rẹ̀.

"Ọ̀gá, mo nífẹ̀ẹ́ ọmọ Villads."

Birthe yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "O mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹ?"

"Ìdí tí mo fi wá sọ ọ́ nìyẹn."

"Ọkùnrin náà ńkọ́? Ó mọ̀?"

"A ò sọ̀rọ̀ mọ́."

"Sidsel! O wá ń fi iṣẹ́ tó o ti ṣe látọjọ́ yìí sílẹ̀ nítorí ẹni tí ẹ ò sọ̀rọ̀?"

"Bí a kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀, mo ṣì nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀gá."

Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Ẹni yẹn kò bá Villads fa ọ̀rọ̀ rárá: ó ní ẹ̀bá irà ni kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sí, níbi tí afẹ́fẹ́ ò ti tó nǹkan, ó sì dín in kù sí méjì. Iná yóò tàn, ṣùgbọ́n èrè kò ní tó gbé ilé ẹ̀kọ́ ró.

Nígbà tí Sidsel ò lè fara dà á mọ́, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lyngø ní ọjọ́ Sátidé kan. Abà ló ti bá Villads, níbi tó ti ń tún ilẹ̀kùn ṣe.

"Iṣẹ́ òkè yín ò sí lọ́wọ́ mi mọ́," ó wí. "Mo dá a padà. N kò wá tọrọ nǹkan kan. Asger ni mo wá bá, mo sì fẹ́ mọ ohun tí mo fi ṣẹ̀ yín."

Villads gbé òòlù sílẹ̀. Ojú Sidsel wá lọ sókè, ó rí apákó gígùn kan tí wọ́n so mọ́ àjà, tí wọ́n gbẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n sì tẹ̀ díẹ̀.

"Apá ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ nìyẹn. Ta ló gbẹ́ ẹ?"

"Èmi." Villads gbójú sókè wò ó. "Lọ́dún tí epo wọ́n, mo kọ́ ẹ̀rọ kan sẹ́yìn ilé. Ó ṣiṣẹ́ fún odindi ìgbà òtútù. Ìjì wá jà, apá kan já, ó sì bọ́ lu ilé adìyẹ aládùúgbò. Láti ìgbà yẹn, 'Villads Adìyẹ' ni wọ́n ń pè mí. Àwọn kan náà ló wá ń pàtẹ́wọ́ fún ẹ̀rọ ìjọba báyìí. Kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ni mo rí nígbà yẹn. Ìwọ náà ò bi mí."

"Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yín ni mo bi yín, n kò bèèrè ọ̀rọ̀ ti ẹ̀yin fúnra yín. Ẹ forí jì mí, bàbá." Ó jókòó sórí koríko gbígbẹ. "Báwo ló ṣe rí, nígbà tí iná kọ́kọ́ tàn?"

Ojú àgbàlagbà náà yí padà. "Gílóòbù kan ṣoṣo ni. Ìyá Asger gbé ọmọ náà, ó ń bá a jó yí tábìlì ká. Ó ní òun ò tíì rí ohun tó dáa bẹ́ẹ̀ rí."

Asger ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Villads rí i.

"Ó ti fi iṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ nítorí ẹ," ó wí. "Mo ti ṣì í lóye. Ìwọ náà, o kàn dúró síbẹ̀ bí òpó." Ó sì jáde, ó fi wọ́n sílẹ̀.

"Ìbéèrè tó o bi mí lọ́jọ́sí dùn mí wọra," ni Sidsel wí.

"Mo mọ̀. Látìgbà tó o ti wọkọ̀ ni mo ti mọ̀. Ẹ̀rù ló bà mí, Sidsel. Mo rò pé ohun tó dùn tó báyẹn ò lè jẹ́ tèmi lásán."

"Ó ti jẹ́ tìẹ. Má tún bi mí mọ́."

"N kò ní bi ọ́ mọ́, olólùfẹ́ mi."

Ọjọ́ ìpàdé pé, gbọ̀ngàn ìlú kún. Ẹ̀yìn pátápátá ni Sidsel jókòó sí, kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ gbólóhùn kan. Ẹni tó gba iṣẹ́ náà ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ẹ̀bá irà tán, àwọn òbí sì ń kùn nípa ilé ẹ̀kọ́. Villads dìde.

"Ẹ gbé e wá sórí òkè mi," ó wí. "Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Gbogbo wọn yíjú sí i. Ẹnì kan wá kígbe láti ẹ̀gbẹ́ kan: "Villads! Adìyẹ wa ńkọ́?"

Ẹ̀rín sọ. Asger di bẹ́ǹṣì mú. Ṣùgbọ́n Villads náà bú sẹ́rìn-ín, bí wọn ò ti rí i ṣe láti ọdún gbọọrọ.

"Ẹ lọ tì wọ́n mọ́lé!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un títí ó fi nu ojú nù.

Níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn kẹ̀kẹ́, Sidsel di Asger ní apá mú. "Fẹ́ mi."

"Èmi ló yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́."

"O ń falẹ̀ jù. Dáhùn."

"Mo gbà. Mo gbà ní ìgbà tí o bá fẹ́, níbi tí o bá fẹ́."

Ìgbà ìkórè ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó, lọ́sẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wa ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ lórí òkè. Àwọn aládùúgbò fi ewé yí ẹnu ọ̀nà ilé Villads ká. Níbi oúnjẹ ní gbọ̀ngàn ìlú, Villads ló kọ́kọ́ fẹsẹ̀ gbálẹ̀, gbogbo àlejò sì dara pọ̀, gbọ̀ngàn ń mì tìtì. Àṣà wọn ni: tí àlejò bá ti fẹsẹ̀ gbálẹ̀ báyẹn, ọkọ àti ìyàwó gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ tábìlì lọ fẹnu ko ara wọn lẹ́nu, wọ́n sì wọ̀ ọ́.

Aṣọ tábìlì bò wọ́n yíká.

"Aya mi," Asger sọ jẹ́jẹ́.

"Tún un pè."

Ó tún un pè. Lókè, wọ́n ṣì ń fẹsẹ̀ gbálẹ̀, wọ́n ń pariwo pé kí wọ́n jáde wá jẹun. Wọn ò tíì jáde.