Imú-Iná Ilé Gíga Aráròmí

Ògiri Ilé Gíga Aráròmí ń mí. Ẹni tó bá fi etí lé e yóò gbọ́ bó ti ń fa afẹ́fẹ́ sínú díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ tó ń sùn. Iṣẹ́ ọwọ́ Ọ̀mọ̀wé Ìbíwùmí ni. Inú ìgò ló ti sin ẹ̀yà ara abẹ̀mí kan títí ó fi dàgbà, ó sọ ọ́ ní imú-iná, wọ́n sì tẹ́ ẹ sára ògiri gbogbo iyàrá. Bí èéfín bá kan án, á ké, á sì ti ilẹ̀kùn iyàrá tó ń jó pa, kí iná má baà rí afẹ́fẹ́.

Ojú-ilé ló yẹ kó tẹ̀ lé e, èyí tí yóò kọ́kọ́ wò bóyá ènìyàn wà nínú iyàrá. Ṣùgbọ́n owó tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún ààbò ilé gbígbé tó imú, kò tó ojú.

"Ẹ jẹ́ ká fi imú bẹ̀rẹ̀," ni ọ̀gá kan láti ilé iṣẹ́ ìjọba wí. "Ojú á dé lọ́dún tó ń bọ̀."

Ìbíwùmí ronú kan odindi ìdílé tí iná ti jó run nínú àwọn ilé gíga. Ó gbà.

Baba Látúnjí, olórí àwọn ayálégbé, kò gbà.

"Ọmọ mi, ẹni tó ń tilẹ̀kùn ló yẹ kó mọ ẹni tó wà nílé."

"Ẹ má bínú, bàbá. Bá a bá dúró de ojú, iná ò ní dúró dè wá."

Baba wo ìyàwó rẹ̀, tí orúnkún kì í jẹ́ kó tètè dìde. "Ẹsẹ̀ tiwa ò yá mọ́," ó wí.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú, iná ṣẹ́ yọ lára wáyà kan ní àjà kẹrìnlá. Imú ké, ó sì ti ilẹ̀kùn pa. Kò pẹ́ tí iná fi kú. Nígbà tí Ìbíwùmí fi sáré dé, gbogbo ilé ti sọ̀ kalẹ̀, àwọn ìyá ń súre fún un. Kò rí Baba Látúnjí láàárín wọn.

Òkè ló ti bá a, ní àjà kẹrìnlá, níwájú ilẹ̀kùn rẹ̀ tí àwọn panápaná fi irin já, tòun ti búrẹ́dì lọ́wọ́.

"Mo ní kí ìyàwó mi dúró dè mí, pé mi ò ní pẹ́," Baba wí. "Àwọn ará ilé ní ó ń kanlẹ̀kùn látinú."

Ìbíwùmí kúnlẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni ìjọba fọwọ́ sí owó ojú. Ìbíwùmí fúnra rẹ̀ ló gbé àkọ́kọ́ lọ. Baba ṣílẹ̀kùn fún un, kò bá a jà. Ojú-ilé náà yí ká, ó wo gbogbo iyàrá, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé ènìyàn méjì ló wà níbẹ̀.

"Ó yẹ ká jẹ́ mẹ́ta," Baba Látúnjí wí.