Ojú Tó Kẹ́yìn Ìlà

"Ẹ wo ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀n tó jókòó tó ń hun fìlà bí ìyá àgbà!"

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu Ọdúnọlá nípa Kwadwo nìyẹn, lẹ́nu ọ̀nà ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ayigya, nílẹ̀ Àṣáńtì. Ó rò pé ọmọ Àṣáńtì ò lè gbọ́ Yorùbá. Kò mọ̀ pé àárín Yorùbá ni Kwadwo dàgbà sí. Kwadwo ò tilẹ̀ gbójú sókè. Abẹ́rẹ́ kíróṣé rẹ̀, tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí gọ̀ǹgọ̀, ń wọlé, ó ń jáde nínú òwú pupa.

"Sista, ìyá àgbà gan-an ló kọ́ mi," ó dá a lóhùn ní Yorùbá. "Wá jókòó kí n kọ́ ìwọ náà. Àbí ẹnu nìkan ló yá lára rẹ?"

Ojú ti Ọdúnọlá, ẹ̀rín sì pa á. Ó jókòó. Ẹni tó bá rí ìgbà tí ìfẹ́ wọlé, kó wá sọ fún wa. Ọdúnọlá ò rí i.

Láti ọjọ́ náà, bí ọjà bá ti dákẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ lọ́sàn-án, ọ̀dọ̀ Kwadwo ló ń lọ.

"Ki abẹ́rẹ́ bọ ojú òwú yìí, fa òwú wá. Ó di méjì lórí abẹ́rẹ́, àbí? Tún fa òwú, kó gba inú méjèèjì kọjá. Brɛoo, jẹ́jẹ́! O ń fún un lọ́rùn bí ẹni tó mú olè."

Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ díẹ̀díẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ń tín-ín-rín. Bí ìlà ṣe ń gun orí ìlà, bẹ́ẹ̀ ni etí rẹ̀ ń wọlé, títí ohun tó yẹ kó dọ́gba fi ṣe ṣóńṣó bí ẹnu ẹyẹ.

"Níbo ni mò ń sọ ọ́ nù sí?"

"Létí. Ojú tó kẹ́yìn ìlà kì í jọ ojú, ṣe ló máa ń sá pamọ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ á fò ó, á ní òun ti dópin." Kwadwo di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì tètè fi sílẹ̀. "Ọdúnọlá, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ."

"Èmi náà, Kwadwo mi. Ó pọ̀ débi pé ẹ̀rù ń bà mí."

Nígbà tí ọyẹ́ dé, Kwadwo mú Godfred, àbúrò ìyá rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní wɔfa, wá kan ilẹ̀kùn bàbá Ọdúnọlá láti tọrọ rẹ̀, bí àṣà wọn. Bàbá Oyèbọ̀dé, tó ń ta aṣọ ní ọjà Race Course, tó sì ń ṣáájú àdúrà ní ìjọ, gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Ó fi oríkì pe ọmọ rẹ̀ jáde:

"Àmọ̀pé! Ọmọ agbálẹ̀ de àlejò, ọmọ ilé tí kì í tilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó kàn!"

Inú Ọdúnọlá dùn, ó kúnlẹ̀. Ìgbà náà ni Bàbá bèèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

"Ọlọ́run á fi ọmọ ta wọ́n lọ́rẹ. Ọmọ náà, ilé ta ni yóò jẹ́?"

Wɔfa Godfred ò purọ́. "Agya, bàbá wa, lọ́dọ̀ tiwa, ìyá ló ni ọmọ. Kwadwo ló máa jogún mi, torí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló bí i. Ọmọ tí Ọdúnọlá bá bí, tiyín ni."

"Lọ́dọ̀ tiwa, bàbá ló ni ọmọ," Bàbá fèsì. "Ẹ ní tiwa ni, a ní tiyín ni. Níbo ni kí ọmọ ọ̀hún jókòó?"

Kò sẹ́ni tó bínú, ìyẹn ló sì burú jù; ẹni tó bá ń bínú ṣeé bẹ̀.

"Bàbá," Ọdúnọlá ní, omi ti lé lójú rẹ̀, "ṣé ilé Ọlọ́run ò gbà á ni?"

"Ó gbà á, Àmọ̀pé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń fi oríkì kí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí ẹnu wá dákẹ́, ta ni yóò nu ojú rẹ̀ nù?" Bàbá ò fọwọ́ sí ìgbéyàwó náà. Ó dìde, ó wọ yàrá lọ.

Ní ìdí ààrò, ìyá rẹ̀ gbá a mọ́ra. "A kì í fi iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ lágbedeméjì. Parí ẹ̀kọ́ rẹ, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o bá ti mọ̀ ọ́n, o ò gbọdọ̀ lọ síbẹ̀ mọ́. Ṣèlérí fún mi."

"Mo ṣèlérí, Màmá."

Bí Ọdúnọlá ṣe di ẹni tí iṣẹ́ ò yé mọ́ nìyẹn. Ó ti ń rí ojú tó kẹ́yìn kedere bí ọ̀sán. Ó ń mọ̀ọ́mọ̀ fò ó ni. Kwadwo pẹ̀lú mọ̀.

"O tún fò ó."

"Mo tún fò ó, ọ̀gá."

"Ó dọ̀la nìyẹn o."

"Ó dọ̀la."

Ó gbàdúrà, ó gbààwẹ̀, ọ̀run ṣe bí idẹ lórí rẹ̀. Ẹní ń fi agbọ̀n pọnmi mọ̀ pé omi ò ní dúró. Òùngbẹ ni ò jẹ́ kó padà lẹ́yìn odò. Ọyẹ́ lọ, òjò dé, àwọn méjèèjì ń rù bí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ Ọdúnọlá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Kwadwo ní, "Ìyá mi ń sunkún kí n fẹ́ Dinah, ọmọ ìjọ wọn. Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ mi ò tíì mọṣẹ́." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò wá.

Ọdúnọlá wò ó. Ó rí egungun èjìká rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀wù. Ó rí i pé ìlérí tí òun ń sá fún ti di okùn lọ́rùn ẹni tí òun fẹ́ràn. Ó gbé iṣẹ́ rẹ̀, ó hun ún dé etí ìlà, ó wá ojú tó sá pamọ́, ó ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́.

"Fò ó," Kwadwo ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ọdúnọlá, mepa wo kyɛw, mo bẹ̀ ọ́, fò ó."

Ó fa òwú wá. Ó di méjì lórí abẹ́rẹ́. Ó tún fa òwú, ó gba inú méjèèjì kọjá.

Kwadwo gba iṣẹ́ náà, ó fi àtàǹpàkò tọ etí rẹ̀. Kò sí ojú kan tó sọ nù lórí ìlà náà.

"O ti mọ̀ ọ́n," ó ní.

Ọdúnọlá kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú àwọn tó ń kọjá, bí ọmọṣẹ́ ṣe ń kúnlẹ̀ lọ́jọ́ ìdágbére.

"Ẹ ṣé, ọ̀gá mi," ó ní. Kò fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ rí.